Yàrá Ìyá Àgbà Nínú Páálí

Ọ̀rọ̀ titun

páálí: àpótí tí wọ́n fi bébà líle ṣe.
ìwọ̀n: bí nǹkan ṣe gùn tó, bí ó ṣe fẹ̀ tó, bí ó ṣe ga tó.
àtè: ohun tí a fi ń lẹ nǹkan mọ́ra.
ẹ̀là ọparun: igi tín-ín-rín tí a là lára ọparun.
mọlémọlé: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ilé mímọ.

1. Ògiri tí ó là

Àṣàkẹ́ àti Ràímì àbúrò rẹ̀ ń gbé ní Àjàṣẹ́. Ìlú yìí kan náà ni à ń pè ní Porto-Novo. Àṣàkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ràímì jẹ́ ọmọ ọdún 7. Ilé Ìyá àgbà, ìyá bàbá wọn, kò jìnnà sí ilé-ìwé. Bí wọ́n bá ti jáde ní ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà ni wọ́n ń kọ́kọ́ yà sí.

Ilé Ìyá àgbà ti pẹ́ gan-an. Àwọn Àgùdà ni ó kọ́ ọ. Ta ni à ń pè ní Àgùdà? Nígbà àtijọ́, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ilẹ̀ wa lẹ́rú lọ sí Bùràsílì. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, díẹ̀ nínú wọn padà wá sílé, àwọn àti ọmọ wọn. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà. Àwọn kan nínú wọn mọ ilé mọ. Àwọn mìíràn mọ igi gbẹ́. Wọ́n kọ́ ilé tí ó dára sí Àjàṣẹ́ àti sí Èkó. Ẹni tí ó bá wo mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ yóò rí irú iṣẹ́ ọnà wọn: òpó rẹ̀ ní ọnà, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀.

Yàrá kan wà ní ilé Ìyá àgbà tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn. Yàrá àlejò ni. Ògiri rẹ̀ funfun. Ẹ̀bá ìlẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ ní àwọ̀ aró. Òkúta pẹlẹbẹ dúdú àti funfun ni wọ́n tò sí ilẹ̀ rẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ méjèèjì ga, orí wọn sì tẹ̀ bí òṣùmàrè. Àga onígi mẹ́rin wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì kan àti jígí ńlá kan.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, Ràímì rí ilà gígùn kan lára ògiri. Ó fi ìka sí i. Ìka rẹ̀ wọlé.

Ó pariwo pé, “Bàbá, ẹ wá wò ó! Ògiri ti là!”

Bàbá wá. Ó wo ilà náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó mi orí.

Ó ní, “Ògiri yìí kò lágbára mọ́. Bí òjò ọdún tí ń bọ̀ bá bá a bẹ́ẹ̀, ó lè wó lu Ìyá. Mọlémọlé yóò wó yàrá yìí nígbà ìsinmi. Yóò sì fi bíríkì tún un kọ́.”

Ìyá àgbà kò sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ pa ògiri náà bí ẹni tí ń pa ọmọ lórí. Nígbà tí ó pẹ́, ó ní, “Inú yàrá yìí ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Inú rẹ̀ náà ni a ti sọ bàbá yín lórúkọ.”

Àṣàkẹ́ kò lè jẹun dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà.

2. Àwòrán tí olùkọ́ fi hàn wọ́n

Ní ọjọ́ kejì, Àṣàkẹ́ nawọ́ sókè ní kíláàsì.

Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ènìyàn lè tọ́jú yàrá, kí ó má baà parẹ́?”

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó bi Àṣàkẹ́ ní ìdí ọ̀rọ̀ náà, Àṣàkẹ́ sì sọ ohun gbogbo fún un.

Olùkọ́ ní, “A kò lè gbé yàrá pamọ́. Ṣùgbọ́n a lè ṣe èyí tí ó kéré, tí ó jọ ọ́ pátápátá.”

Ó ṣí ìwé kan, ó sì fi àwòrán ilé kan hàn wọ́n. Ilé náà rẹwà. Àga, ibùsùn, ìwé àti àwo wà nínú rẹ̀.

Olùkọ́ ní, “Ilé yìí kì í ṣe ilé tí ènìyàn ń gbé. Ilé ọmọlangidi ni. Wọ́n ṣe é fún Mary, ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Edwin Lutyens ni ó ya àwòrán ilé náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1921, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1924. Ó wà ní ààfin Windsor títí di òní. Iná mànàmáná rẹ̀ ń tàn. Wọ́n ṣe é kí omi lè máa jáde ní ẹ̀rọ omi rẹ̀. Ní Chicago ní Amẹ́ríkà, yàrá kéékèèké 68 wà ní ilé ọnà kan.”

Ọmọ kan béèrè pé, “Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é tí ó fi jọ ilé gidi, sà?”

Olùkọ́ dáhùn pé, “Ìwọ̀n ni. Wọ́n wọn ohun gbogbo. Ohun tí ó bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12 nínú ilé gidi, sẹ̀ǹtímítà 1 ni yóò jẹ́ nínú ilé kékeré. Bí wọ́n bá pín gíga ìlẹ̀kùn sí ọ̀nà 12, wọ́n gbọ́dọ̀ pín gíga àga náà sí ọ̀nà 12. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun inú ilé kò ní bá ara wọn mu.”

Ó kọ nọ́ńbà kan sí ojú pátákó. Nọ́ńbà náà ni 10.

Ó ní, “Àṣàkẹ́, ìwọ lo 10, nítorí ó rọrùn láti ṣírò. Mítà 1 nínú yàrá Ìyá àgbà yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 nínú páálí.”

3. Wọ́n wọn yàrá

Àṣàkẹ́ àti Ràímì yá okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ aránṣọ tí ó wà ní ìtòsí. Okùn náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 150. Ṣùgbọ́n yàrá gùn jù ú lọ. Kí ni wọn yóò ṣe?

Wọ́n tẹ́ okùn sílẹ̀, wọ́n fi ẹfun sàmì sí ibi tí ó parí. Wọ́n tún tẹ́ ẹ láti ibi àmì náà. Ó ku díẹ̀. Wọ́n wọn èyí tí ó kù, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100. Àṣàkẹ́ ṣírò: 150 + 150 + 100 = 400. Sẹ̀ǹtímítà 400 ni mítà 4.

Ọwọ́ wọn kò tó àjà. Ràímì wá ọparun gígùn kan. Ó gbé e dúró títí orí rẹ̀ fi kan àjà. Ọparun náà gùn jù díẹ̀, Bàbá sì gé ìdí rẹ̀ kí ó lè dúró ṣánṣán. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ́ ọparun sílẹ̀, wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Ó jẹ́ mítà 3.

Ohun tí Àṣàkẹ́ kọ sínú ìwé rẹ̀ nìyí:

Gígùn yàrá: mítà 4. Nínú páálí: sẹ̀ǹtímítà 40.
Fífẹ̀ yàrá: mítà 3. Nínú páálí: sẹ̀ǹtímítà 30.
Gíga yàrá: mítà 3. Nínú páálí: sẹ̀ǹtímítà 30.
Gíga ìlẹ̀kùn: mítà 2. Nínú páálí: sẹ̀ǹtímítà 20.
Gíga fèrèsé: sẹ̀ǹtímítà 150. Nínú páálí: sẹ̀ǹtímítà 15.
Fífẹ̀ fèrèsé: sẹ̀ǹtímítà 80. Nínú páálí: sẹ̀ǹtímítà 8.
Gíga àga: mítà 1. Nínú páálí: sẹ̀ǹtímítà 10.
Gíga tábìlì: sẹ̀ǹtímítà 80. Nínú páálí: sẹ̀ǹtímítà 8.
Òkúta ilẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 20. Nínú páálí: sẹ̀ǹtímítà 2.

Ìyá àgbà jókòó, ó ń wò wọ́n. Ó ní, “Kí ni ẹ ń wá nílẹ̀ yìí, ẹ̀yin ọmọ mi?”

Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Ìyá àgbà. Ẹ ó rí i láìpẹ́.”

4. Wọ́n kọ́ yàrá kékeré

Ìyá kan tí ń ta ọṣẹ lọ́jà fún wọn ní páálí ńlá kan. Wọ́n fi rúlà àti pẹ́ńsù fa ìlà sí i lára. Bàbá ni ó fi ọ̀bẹ gé e, nítorí ọ̀bẹ náà mú, kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré. Wọ́n yọ ojú kan kúrò lára páálí náà kí ènìyàn lè máa rí inú rẹ̀.

Fèrèsé ni ó kọ́kọ́ le. Báwo ni orí rẹ̀ yóò ṣe tẹ̀ bí òṣùmàrè? Àṣàkẹ́ ronú. Ó wá ìdérí ike kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8, bíi ti fèrèsé. Ó gbé e lé páálí, ó sì fi pẹ́ńsù yí i ká. Ìdajì òkè nìkan ni ó mú. Ó fa ìlà tààrà méjì wá sísàlẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Fèrèsé jáde.

Lẹ́yìn náà, wọ́n se àtè. Wọ́n po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ omi tútù, Ìyá wọn sì gbé e kaná, ó ń rò ó títí ó fi ki. Wọ́n dúró kí ó tutù.

Wọ́n lọ ẹfun, wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n sì fi àtè díẹ̀ sí i. Kí ni àtè wà fún? Bí kò bá sí àtè níbẹ̀, ẹfun yóò máa ta síni lọ́wọ́ nígbà tí ó bá gbẹ. Wọ́n fi kun ògiri. Ó gbẹ, wọ́n tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n fi aró kun ẹ̀bá ìlẹ̀kùn àti fèrèsé.

Ràímì fẹ́ to ilẹ̀ kí ògiri tó gbẹ. Àṣàkẹ́ ní, “Rárá o. Bí ẹfun bá kán sí ilẹ̀, iṣẹ́ wa bàjẹ́. Ògiri ni àkọ́kọ́, ilẹ̀ ni ìkejì, àga ni ìgbẹ̀yìn.”

Òkúta ilẹ̀ mélòó ni wọn yóò gé? Wọ́n ṣírò. Ní gígùn, 20. Ní fífẹ̀, 15. 20 × 15 = 300. Òkúta dúdú 150, òkúta funfun 150! Bébà líle ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Wọ́n fi èédú lílọ̀ àti àtè kun ìdajì bébà náà kí wọ́n tó gé e.

Nígbà tí Ràímì gé 60, ó ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ó ní, “Ọwọ́ ń dùn mí. Kò lè parí láéláé!”

Bàbá ní, “Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Gé 20 lónìí, gé 20 lọ́la.”

Àwọn ọ̀rẹ́ Ràímì mẹ́ta wá ràn án lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, 300 pé. Àṣàkẹ́ fi rúlà fa ìlà tààrà kan sí àárín ilẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́. Bí òkúta àkọ́kọ́ bá wọ́, gbogbo èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò wọ́. Dúdú, funfun, dúdú, funfun: ilẹ̀ yàrá Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

5. Àga Ràímì

Ràímì fẹ́ ṣe àga kan fúnra rẹ̀. Kò wo ìwé ìwọ̀n. Ó mú ẹ̀là ọparun, ó mú páálí, ó sì ṣe àga tí ó dára. Ó sáré gbé e wá, ó gbé e sínú yàrá kékeré.

Háà! Àga náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìlẹ̀kùn. Sẹ̀ǹtímítà 18 ni!

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan ní, “Òmìrán ni yóò jókòó síbẹ̀!” Ojú ti Ràímì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Àṣàkẹ́ nu ojú rẹ̀ nù. Ó ní, “Má sunkún mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára ju tèmi lọ. Ìwọ̀n nìkan ni ó ṣì. Wá, jẹ́ kí a wo ìwé.”

Ìwé ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ràímì wọn ọparun kí ó tó gé e. Ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ó gé e. Ó fi òwú hun ìjókòó rẹ̀. Nígbà tí ó gbé àga titun náà sẹ́bàá tábìlì, ó bá a mu rẹ́gí. Ó ṣe mẹ́ta sí i.

Bébà dídán ni wọ́n fi ṣe jígí. Aránṣọ fún wọn ní àjákù aṣọ funfun, wọ́n fi ta aṣọ ìlẹ̀kùn. Iṣẹ́ parí. Tàbí wọ́n rò pé ó parí.

6. Ohun tí ó kù

Ó ku ọjọ́ méjì kí mọlémọlé dé. Wọ́n gbé páálí náà lọ bá Ìyá àgbà. Wọ́n fi aṣọ bò ó.

Wọ́n ní, “Ẹ káàsán, Ìyá àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i.”

Ìyá àgbà ṣí aṣọ. Ó wò ó. Ó wọ awò rẹ̀, ó tún wò ó. Ó fi ìka kan àga, ó fi ìka kan fèrèsé. Kò sọ nǹkan kan. Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Ìyá àgbà wá béèrè pé, “Ìṣó dà?”

Àṣàkẹ́ ní, “Ìṣó wo, Ìyá àgbà?”

“Ìṣó ẹ̀bá ìlẹ̀kùn. Bí bàbá àgbà yín bá ti ọjà dé, ìṣó yẹn ni ó máa ń fi fìlà kọ́. Bí mo bá ti rí fìlà níbẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti wọlé.”

Àṣàkẹ́ àti Ràímì wo ara wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba ẹ̀bá ìṣó náà kọjá, wọn kò rí i rí. Wọ́n sáré lọ sínú yàrá ńlá. Ìṣó wà níbẹ̀ lóòótọ́! Wọ́n wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 160 láti ilẹ̀. Nínú páálí, sẹ̀ǹtímítà 16. Àṣàkẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Bàbá gé orí abẹ́rẹ́ kan, ó sì kàn án mọ́ ibẹ̀. Ìyá àgbà gé aṣọ òfì kékeré láti inú àpótí rẹ̀, ó rán fìlà kan tí kò ju èékánná lọ. Ó fi kọ́ orí ìṣó náà.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó ti wọlé. Nísinsìnyí, yàrá pé.”

7. Mọlémọlé dé

Mọlémọlé àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dé. Wọ́n wó ògiri. Eruku gba gbogbo àgbàlá. Ìyá àgbà jókòó lábẹ́ igi, ó gbé páálí náà lé ẹsẹ̀.

Nígbà tí bíríkì bẹ̀rẹ̀ sí í ga, mọlémọlé sọ fún Bàbá pé, “Fèrèsé onígun mẹ́rin ni n ó ṣe. Èyí tí orí rẹ̀ tẹ̀ yẹn, a ti wó o. N kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ mọ́.”

Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ìwọ̀n rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.”

Ó fún un ní ìwé. Ràímì gbé páálí wá. Mọlémọlé ka ìwé náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo fèrèsé kékeré. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n: 15 àti 8. Ó wo ìwé: 150 àti 80.

Ó ní, “Ta ni ó kọ ìwọ̀n yìí?”

“Èmi àti àbúrò mi ni.”

Mọlémọlé ní, “Ẹ ṣeun. Bí mo bá ti rí ìwọ̀n, mo lè ṣe é.”

Ó sì ṣe é. Orí fèrèsé méjèèjì tún tẹ̀ bí òṣùmàrè. Kì í ṣe ohun gbogbo ni ó padà bọ̀ sípò. Òkúta ilẹ̀ tí ó pọ̀ ti fọ́. Mẹ́jọ péré ni ó kù, mọlémọlé sì tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà. Sìmẹ́ǹtì ni ó fi tẹ́ ilẹ̀ yòókù.

Ní ọjọ́ tí Ìyá àgbà wọ yàrá titun, ó mú ìṣó àtijọ́ náà lọ́wọ́. Àṣàkẹ́ na okùn ìwọ̀n láti ilẹ̀ títí dé 160. Bàbá kan ìṣó náà mọ́ ibẹ̀. Ìyá àgbà mú fìlà bàbá àgbà láti inú àpótí, ó sì fi kọ́ ọ.

Páálí náà wà lórí tábìlì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí yàrá náà ti rí tẹ́lẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó wo inú rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni Ràímì rí lára ògiri lẹ́yìn òjò?
2. Ta ni à ń pè ní Àgùdà?
3. Ọdún wo ni wọ́n parí ilé ọmọlangidi Mary, ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?
4. Báwo ni àwọn ọmọ ṣe mọ gíga yàrá nígbà tí ọwọ́ wọn kò tó àjà?
5. Kí ni ó fà á tí àga àkọ́kọ́ tí Ràímì ṣe kò fi bá yàrá mu?
6. Kí ni Ìyá àgbà wá nínú yàrá kékeré tí kò rí?
7. Báwo ni ìwé Àṣàkẹ́ ṣe ran mọlémọlé lọ́wọ́?

Ìṣirò

Mítà 1 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 nínú páálí. Báwo ni àwọn nǹkan wọ̀nyí yóò ṣe gùn tó nínú páálí?

Ibùsùn tí ó gùn ní mítà 2.
Àpótí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90.
Jígí tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 120.

Iṣẹ́ ọwọ́

Yan yàrá kan ní ilé yín. Wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ. Bi àgbàlagbà kan nínú ilé pé: “Kí ni ó wà nínú yàrá yìí tí ẹ kò fẹ́ kí a gbàgbé?” Kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ fi páálí ṣe yàrá náà. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà bá yín lo ọ̀bẹ.